Omi tí Wọ́n Rán Mi Lọ Bù ní Kẹńkíréà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti rí àwòrán náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i, torí Kòfí ti gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára kí n tó ráyè sọ pé kó má gbé e. Èmi nìyẹn nínú òkun aláwọ̀ aró, mo fi awò dúdú sójú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Láti ìgbà náà ni gbogbo Okitipupa ti ń kí mi pé, "Bùnmi, o ń jayé o." Ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

Màmá mi ló rán mi. Ẹni tí kò bá mọ Màmá, Ìyá Àdúrà ni nínú ìjọ Aláàdúrà wa, obìnrin tó lè gbààwẹ̀ nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò tí kò jẹun. Èmi ń kàwé ní Jámánì nígbà náà, ní ìlú kan tí oòrùn ti máa ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ ń dáná nínú ilé ìdáná kan ni Lẹ́nà àti Kòfí. Ọmọ Jámánì ni Lẹ́nà. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá sì ní Ọlọ́run á ṣe é, á béèrè pé báwo ló ṣe máa ṣe é. Kòfí wá láti Gánà, kò sì sí ohun tí mo lè yìn nílé wa tí kò ní sọ pé tiwọn dára jù ú lọ. Òtútù ti sú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, la bá ní ká lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, ká lọ yá oòrùn.

Mo sọ fún Màmá lórí fóònù. Ó ní ìlú wo níbẹ̀? Mo ní Átẹ́nì, lẹ́yìn náà etí òkun kan lẹ́bàá Kọ́ríńtì.

"Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ kọ̀wé sí?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Ó ṣì wà?"

"Ó wà, Màmá. Wọ́n tilẹ̀ ń ta áísìkiriìmù níbẹ̀."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Ọma mi," ó ní (èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kàn ń yí i sí èyí tó máa yé gbogbo wa ni), "ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Kẹńkíréà wà. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti fá orí rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́. Omi ibi tí èèyàn Ọlọ́run ti jẹ́jẹ̀ẹ́ kì í ṣe omi lásán. Uwọ máa bá mi bù ú wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó ti yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni Àǹtí Fúnkẹ́. Erinje ló wà nílé ọkọ, níbi tó ti ń ránṣọ. Ó ti pẹ́ tó ti ṣègbéyàwó, kò sì tíì bímọ. Epo pupa ni ọkọ rẹ̀ ń fún, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò gbọ́ ọ kó fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ́yà tàbí kó fi rojọ́ rí. Màmá ni kò lè fojú ba oorun. Omi odò, omi òjò àkọ́rọ̀, omi òkun tí wọ́n gbé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ, kò sí èyí tí Àǹtí Fúnkẹ́ kò tíì mu tàbí kó fi wẹ̀. Ó kan omi Kẹńkíréà.

Màmá kọ́ mi bí màá ṣe ṣe é. Kí n bọ́ bàtà kí n tó dé ibi omi. Kí n tan àbẹ́là. Kí n dárúkọ Fúnkẹ́ sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, omi náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí màá fi gbé e délé nígbà Kérésì. "Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni," ó ní, ó sì pa fóònù. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ iṣẹ́ ìyá tó bíni. Mo wá ike omi ńlá kan, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo kì í sáàárín aṣọ mi.

*

Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfurufú ṣe ṣí ní Átẹ́nì, ooru gbá mi lójú, omijé sì bọ́ lójú mi. Ooru ilé ni. Lẹ́nà ń fi ìpara kun ara bí ẹni tó ń kun ògiri, èmi àti Kòfí dúró gbagidi sínú oòrùn, a ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

A gun òkè lọ wo àwọn òpó òkúta àtijọ́ tí gbogbo ayé ń lọ wò. Wọ́n dára. Ẹ wá àwòrán wọn wò, n kò ní lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Obìnrin kan ń ta èso lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bi í bóyá ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì pòṣé sí mi. Inú bí mi. Kí ni mo ṣe fún un? Mo pòṣé padà, òṣé Okitipupa, èyí tó máa ń gùn láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin náà kọ́kọ́ wò mí, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó mú èso kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́nà tó ti kàwé nípa ìlú náà kí á tó gbéra ló ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá" níbẹ̀ nìyẹn, kò bú mi. Mo padà lọ kúnlẹ̀ díẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó tún fún mi ní èso kejì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Kòfí jókòó ti obìnrin kan, obìnrin náà sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó gbá a mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dùn mí wọra. Kòfí ní kí n fi í sílẹ̀, pé bóyá báàgì náà ló ń tù nínú. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Kòfí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Oúnjẹ ló dá ẹnu rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Aláàdúrà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹ mọ òróró ólífì. Ẹ mọ ìgò kékeré rẹ̀ tí Màmá máa ń fi ìka kàn, tó máa ń fi ṣàmì àgbélébùú sí wa níwájú orí, ìgò kan ṣoṣo tó máa ń tó gbogbo ìjọ láti Àjíǹde dé Ìkórè. Àgé ni wọ́n fi gbé e wá bá wa lórí tábìlì! Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ da á lé tòmátì àti wàràkàṣì lórí bí ẹni tó ń bomi rin ewébẹ̀. Wọ́n ń fi búrẹ́dì nù ún lára àwo jẹ. Kí n tó mọ̀, mo ti ki ìka bọ òróró náà, mo ti fi kan iwájú orí mi.

"Bùnmi," Kòfí ní, "oúnjẹ ni o."

Àmọ́ ọkùnrin náà ti rí mi. Ó gbé àgé sílẹ̀, òun náà fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú láyà, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni pé à ń súre sí oúnjẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n din wá. Èmi àti Kòfí jẹ ẹ́ torí-torí. Lẹ́nà ń to orí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, a bá a jẹ ẹ́.

Nígbà tí a jẹ tán, ó gbé bàrà olómi aládùn tí wọ́n gé wá. A ní àwa kọ́, a ò béèrè fún un. Kòfí ní ká dá a padà kíákíá kí ọ̀rọ̀ má baà di wàhálà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí àlejò bá jẹun tán, ilé ní láti fi nǹkan lé e. Èènì! Mo pariwo rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn.

*

Ọjọ́ kejì la dé Kẹńkíréà. N kò mọ ohun tí mo rò pé màá bá níbẹ̀. Bóyá mo rò pé ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Abúlé etí òkun lásán ni. Àwọn òkúta èbúté àtijọ́ wà nínú omi, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ lórí wọn, ẹnì kan ń sun ẹja, rédíò ń kọrin. Lẹ́nà àti Kòfí bẹ́ sómi. Èmi náà bẹ́ sómi díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán tí ẹ rí yẹn. Nígbà tó yá, mo wọṣọ, mo gbé ike mi.

N kò fẹ́ bu omi òkun, torí Àǹtí Fúnkẹ́ ti mu iyọ̀ tó. Mo wò lókè díẹ̀, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì funfun kékeré kan, ẹ̀rọ omi sì wà lára ògiri ọgbà rẹ̀. Mo ní ibẹ̀ nìyẹn. Mo bọ́ bàtà mi sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà bí Màmá ṣe wí, mo sì wọlé.

Ọ̀sán gangan ni. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Mo ń tiro lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ dúdú ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó rí mi, ó ju ọwọ̀ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ń pariwo, ó ń nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ni. Kí ni ọmọ Yorùbá máa ṣe tí àgbà bá ń pariwo lé e lórí? Mo kúnlẹ̀. Lórí òkúta gbígbóná yẹn! Ìyá náà wá rò pé mo dákú ni. Ó fa mí dìde, ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Mo bọ́ ọ, torí ilẹ̀ mímọ́ ni. Ó tún wọ̀ ọ́ fún mi. Mo tún bọ́ ọ. Báyìí la ṣe ń jà sí i nígbà tí Lẹ́nà gòkè wá láti etí omi, tó fi èdè wọn béèrè pé, "Bùnmi, kí ló dé?"

Ìyá náà dúró. "Jámánì lẹ ti wá?"

Ó gbọ́ èdè Jámánì! Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to rédíò. Jámánì tirẹ̀ ti dípẹtà, tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ewé, àmọ́ a gbọ́ra wa yé. Stafrúlà ni orúkọ rẹ̀.

"Ta ló jí bàtà rẹ?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó jí i, Màmá. Nílé wa, a kì í wọ bàtà dé ibi mímọ́."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo òkè ọ̀run. "Ọlọ́run ilé yín ò mọ̀ pé ilẹ̀ ń gbóná ni?"

Lẹ́nà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Stafrúlà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà òtútù lòun dé Jámánì, bàtà ẹ̀ẹ̀rùn abúlé yìí ló wà lẹ́sẹ̀ òun, obìnrin kan tí òun ò mọ̀ rí sì bọ́ tirẹ̀ fún òun lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tí òun máa san án fún láti ìgbà yẹn.

Ó bi mí nípa ike ọwọ́ mi. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi, ti Màmá, ti Pọ́ọ̀lù. Ó ń mi orí.

"Fúnkẹ́ fẹ́ omi yìí?"

"Ìyá wa ló fẹ́ ẹ fún un."

"Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí lòun fẹ́ràn?"

Mo mọ ilé ìwòsàn tó lọ. Mo mọ àgbo tó mu, mo mọ wòlíì tó ríran sí i àti èyí tí kò rí nǹkan kan. Mo wá ń wá ẹ̀gbọ́n mi gan-an kiri inú orí mi. Ojú tì mí. Nígbà tó pẹ́, mo rántí pé nígbà tó ṣì wà nílé, ó máa ń fà mí lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Okitipupa títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgbòdìgò, láìjẹ́ pé wọ́n rán wa níṣẹ́, kó ṣáà lè wo aṣọ ọrùn àwọn èèyàn, kó sì máa gbóòórùn ohun tí wọ́n ń sè.

"Ó fẹ́ràn kó máa rìn," mo wí.

Ìyá náà ní ó dáa. Ó bu omi náà fúnra rẹ̀. Ó mú mi wọlé, a tan àbẹ́là, ó sì pe "Fúnkẹ́" níwájú àwòrán Ìyá Olúwa, kò pè é re, ṣùgbọ́n ó pè é tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀ fún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Awọ pupa ni, ó lágbára, ó sì tóbi fún mi. Ó ní, "Tí kò bá bá ẹ mu, gbé e fún ẹni tó fẹ́ràn ìrìn." Ó gbé ọwọ̀ rẹ̀, ó padà sínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn gbogbo ìjà wa, òun ló wá wọ ibẹ̀ láìsí bàtà.

*

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìpadàbọ̀ wa, àyàfi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ òfurufú ti mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ bí mo ṣe gbájú mọ́ omi Màmá, mo gbàgbé pátápátá pé omi inú ike ńlá kì í kọjá ibi àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ gbé ike náà sókè. Ó ní kí n dà á nù tàbí kí n mu ún.

Mo wo ibi tí wọ́n ń da omi sí. Mo rántí pé kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Lẹ́nà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Omi mímọ́ ni," ó ní, ó le ojú. "Láti ṣọ́ọ̀ṣì." Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ kan àyà, àánú wa hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àgbọ̀n sókè, ó sì pòṣé díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé kò bú mi.

Mo ṣí ike, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Mo mu, mo mu, ikùn mi le. Èrò ń pọ̀ lẹ́yìn wa. Lẹ́nà na ọwọ́.

"Fún mi."

"O ò gbàgbọ́, Lẹ́nà."

"Mo mọ̀. Kí ni mo máa sọ?"

"Dárúkọ rẹ̀."

Ó ní, "Fúnkẹ́," ó sì mu ún. Kòfí gba èyí tó kù. Òun gbàdúrà gígùn sí i ní èdè wọn, títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń wúkọ́, lẹ́yìn náà ló gbé e dà sọ́nà ọ̀fun, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Ó gùnfẹ̀. Ó ní kí Lẹ́nà ṣọ́ra o, omi ọmọ ló mu. Lẹ́nà ní bó bá jẹ́ ìbejì, Bùnmi ló máa tọ́ wọn. A rẹ́rìn-ín kọjá. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú, mo gbá ike òfìfo mọ́ra, mo sunkún.

*

Mo dé Okitipupa nígbà Kérésì. Màmá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ibẹ̀ ló fẹ́ gbé omi náà lé. Àǹtí Fúnkẹ́ gun ọ̀kadà wá láti Erinje, ó ti se ọbẹ̀ ẹja, ó sì ti ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilé wa tí mo ń lá àlá rẹ̀ ní Jámánì. Ó dì mọ́ mi, kò sì wo tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan.

N kò lè purọ́ fún Màmá. Mo gbé ike òfìfo sórí aṣọ funfun, mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣú bọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Lẹ́nà ti mu ún, ó dá mi dúró.

"Òyìnbó yẹn, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ó dárúkọ rẹ̀, Màmá."

"Tí kò sì mọ̀ wá rí?"

"Kò mọ̀ wá rí. Kò tilẹ̀ gba Ọlọ́run gbọ́."

Màmá gbé ike náà, ó wo inú rẹ̀. "Kò kan ilẹ̀," ó wí níkẹyìn, jẹ́jẹ́. "Olúwa ṣeun. Sọ orúkọ àwọn méjèèjì fún mi dáadáa." Láti Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ìjọ wa ti ń gbàdúrà fún Lẹ́nà àti Kòfí, pàápàá kí Lẹ́nà rí ọkọ tó mọ Ọlọ́run. N kò tíì sọ fún Lẹ́nà.

Mo wá mú sálúbàtà náà jáde, mo sọ ẹni tó fún mi. Màmá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Láti inú ilé Ọlọ́run! Gbé e wá. Orí pẹpẹ ló máa sùn fún ọjọ́ méje, kí Fúnkẹ́ tó wá…"

Àǹtí Fúnkẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá a mu dáadáa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Gbogbo omi tí ẹ gbé wá ni mo mu. Gbogbo etí odò tí ẹ ní kí n lọ, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi débẹ̀. N kò kọ̀ fún yín rí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti àdúrà. Èyí, mo fẹ́ fi rìn ni."

Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé kò rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ rí. Ọbẹ̀ ti ń tutù.

"Níbo lo fẹ́ rìn lọ?" ó bi í.

"N kò tíì mọ̀. Bùnmi, dìde."

Ó fà mí lọ́wọ́, a jáde. A ti ń kọjá ilé kejì, a kọjú sí ọ̀nà Ìgbòdìgò, nígbà tí a gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn.

"Ẹ dúró dè mí," ó ń pariwo láti inú yàrá. "Ẹ jẹ́ kí n wá bàtà mi."